Kókó Tí Mo Sọ Pé Ó Ti Gbẹ

Abẹ́rẹ́ tí mo fi ń ránṣọ ni mo fi pa agẹmọ àbúrò mi. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, ǹ bá má yọ yín lẹ́nu. Agẹmọ ni, kì í ṣe ènìyàn. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn tó kú ni mo wá jẹ́wọ́ fún yín.

Fọláṣadé ni orúkọ mi. Télọ̀ ni mí ní Bódìjà, iwájú ilé tí èmi àti Adégbóyè ọkọ mi ń gbé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọmọ Ṣakí ni wá. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, èmi àti Jẹ́jẹ́lọlá, ìyá náà sì ti kú kí Jẹ́jẹ́lọlá tó jáde ìwé mẹ́wàá. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí.

Lọ́dún 1984, Jẹ́jẹ́lọlá jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní àwòrán yíyà, ó sì gba yàrá kan sí Agbowó. Ibẹ̀ ni òun àti agẹmọ náà ti pàdé. Àwọn kan fẹ́ sọ ọ́ lókùúta pa lójúde, ó jáde sí wọn, ó na ọwọ́ sí ẹran náà, agẹmọ sì rọra gun ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó kan àpótí onínẹ́ẹ̀tì fún un, ó ki ẹ̀ka igi bọ inú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Baálẹ̀ nítorí ìrìn rẹ̀, ìrìn ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e.

Ẹ̀yin náà mọ ojú tí àwa Yorùbá fi ń wo agẹmọ. Onílé rẹ̀ sọ fún un pé bí kò bá ní gbé e sọnù, kó kó ẹrù rẹ̀. Jẹ́jẹ́lọlá kó ẹrù rẹ̀, ó sì gbé Baálẹ̀ wá sílé mi.

N ò fẹ́ràn ẹran náà rárá. Àmọ́ àbúrò mi fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ràn àbúrò mi. Á fi ìka méjì di tata mú, Baálẹ̀ á na ahọ́n gígùn rẹ̀, tata ti lọ, Jẹ́jẹ́lọlá á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ti ya àwòrán rẹ̀ tó ogójì.

Ní oṣù kejì ọdún náà ló rí kókó kan lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Baálẹ̀ lápá òsì, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Kò jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní àfi kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ẹran tó wà ní Ring Road, Dókítà Akínsànyà. Ajá àti ewúrẹ́ ni àwọn ènìyàn ń gbé lọ síbẹ̀. Nígbà tí a gbé àpótí agẹmọ kalẹ̀, àwọn tó jókòó tì wá dìde.

Dókítà náà kò fi wá ṣẹ̀sín. Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni. Kò ki ẹran náà mọ́lẹ̀ láti òkè, ńṣe ló na ìka sí i títí tó fi gùn ún fúnra rẹ̀. Ó fi orí ìka kan kókó náà, ó wò ó bóyá ó ń yẹ̀ lábẹ́ awọ tàbí ó lẹ̀ mọ́ egungun. Ó la ẹnu rẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó fi rúlà wọn kókó náà, ó ya àwòrán ẹran náà sórí káàdì, ó sàmì sí ibi tí kókó wà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún wa pé kókó ara agẹmọ kì í ṣe oríṣi kan. Ó lè jẹ́ aràn tó ń gbé lábẹ́ awọ. Ó lè jẹ́ ojú ibi tó ti fara gbọgbẹ́. Ó lè jẹ́ eéwo, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ó ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ eéwo, kò dà bíi tènìyàn, torí ọyún inú rẹ̀ kì í ṣàn, gan ló máa ń gan bíi wàràkàsì, ó sì máa ń wà nínú àpò tirẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò fọ́ àpò náà mọ́ ẹran yẹn nínú ni. Òun yóò là á, òun yóò sì kó o jáde tàpòtàpò, àmọ́ ẹran náà ti rù jù. Ká bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ká máa kán omi sórí ewé kó lè máa rí i lá, ká wá gbé e padà.

Ó wá wojú mi, bóyá torí pé èmi ni mo dàgbà jù. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ má sì fi ohunkóhun gún un. Bó bá ń tóbi sí i, ẹ tètè gbé e wá."

Mo ní a ti gbọ́.

Bí a ṣe délé lọ́jọ́ náà, Jẹ́jẹ́lọlá pè mí wọ yàrá. Ó ní bí dókítà ṣe ń fi ìka wá kókó yẹn ló rán òun létí ohun kan. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ọmú rẹ̀ ọ̀tún. Nǹkan kan wà níbẹ̀, ó le bí èkùrọ́. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tí òun ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Èmi ni mo fà á lọ sílé ìwòsàn ńlá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n dá a dúró láti gé díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Kó tó lọ, ohun kan ṣoṣo ló fà lé mi lọ́wọ́, Baálẹ̀ ni. Ó ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé tí òun kò tíì dé, kí n gbé e lọ sí Ring Road.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pé. Kókó Baálẹ̀ ti tó èkùrọ́, orí rẹ̀ sì ti ń funfun. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Àmọ́ aṣọ ìgbéyàwó mẹ́fà wà nílẹ̀ tí n kò tíì rán, ojú sì ń tì mí láti gbé agẹmọ wọ takisí láàárín àwọn ènìyàn. Mo sún un di ọ̀la. Ọ̀la dé, mo tún sún un.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Gbogbo ọmọ àdúgbò wa tí eéwo bá mú, èmi ni ìyá wọn ń gbé wọn wá bá. Ọwọ́ mi fúyẹ́. Mo máa ń fi abẹ́rẹ́ sí iná, màá tú u, ọmọ á sì sùn lọ́jọ́ náà. Mo wo kókó agẹmọ yẹn títí, mo ní eéwo lèyí, kí ló tún kù. Mo tún rò ó pé bí àbúrò mi bá dé tí ojú ibẹ̀ ti ń jinná, yóò rí nǹkan kan yọ̀ sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ki Baálẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè, gan-an bí dókítà kò ṣe dì í mú. Ara rẹ̀ dúdú bí èédú lọ́wọ́ mi. Ó lanu, ohùn kankan kò jáde. Mo gún kókó náà, mo tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan kò ṣàn. Mo tún tẹ̀ ẹ́ gidi. Nǹkan funfun líle kan yọrí, nǹkan mìíràn sì já lábẹ́ ìka mi. Ẹ̀jẹ̀ wá tẹ̀lé e.

Mo fi sípíríìtì nù ún. Lọ́jọ́ kejì, ó pajú dé lọ́sàn-án gangan. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìsàlẹ̀ àpótí ni mo bá a.

Mo sin ín sẹ́yìn ilé, mo wẹ̀, mo gbé oúnjẹ, mo lọ sílé ìwòsàn. Jẹ́jẹ́lọlá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì wà láyà rẹ̀. Kò tíì kí mi tán tó fi béèrè pé, Baálẹ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wo báńdéèjì yẹn.

"Ó wà dáadáa," ni mo sọ. "Tata mẹ́rin ló jẹ láàárọ̀ yìí."

Kò sí ẹni tó bi mí ní iye tata.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo wọkọ̀ lọ sí Akobo, níbi tí wọ́n ti ń ṣán igbó kọ́ ilé tuntun. Mo bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣán igbó, Àjàgbé lorúkọ rẹ̀, mo ní kó bá mi wá agẹmọ. Kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, oògùn ló kà á sí. Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́ tó fi gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ nínú àpò sìmẹ́ǹtì. Ó tó Baálẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọ̀ ara rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, bíi tirẹ̀. Mo gbé e sínú àpótí. Mo sọ fún ara mi pé kí ara àbúrò mi kọ́kọ́ yá ná, màá wá sọ fún un.

Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ kejì, ibi àpótí ló kọ́kọ́ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹran náà.

"Àǹtí mi, kókó rẹ̀ dà?"

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, n kò ronú kan ìbéèrè yẹn rí. Mo fẹ́ sọ pé dókítà ti là á, àmọ́ mo rántí pé ó lè lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọ Aládùúrà ni mo ń lọ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Jẹ́jẹ́lọlá ò kúrò ní Onítẹ̀bọmi tí wọ́n bí wa sí, ó sì máa ń fi omi àti òróró wa dá àpárá.

"Mo fi òróró àdúrà pa á," ni mo wí. "Ó gbẹ, ó sì já dànù."

Lọ́jọ́ yẹn, kò dá àpárá. Ó kúnlẹ̀ síbi àpótí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó na ọwọ́ sí ẹran náà, ẹran náà wú, ó ń hó sí i. Jẹ́jẹ́lọlá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, ó ti gbàgbé òun.

Èsì àyẹ̀wò jáde. Jẹjẹrẹ ni. Àwọn dókítà ní àfi kí wọ́n gé ọmú náà kíákíá, pé kò tíì ràn, pé ìrètí pọ̀. Ó gbà níṣojú èmi àti ọkọ mi. Wọ́n fi sí ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kẹrin. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti di báàgì rẹ̀, takisí ti dé ẹnu géètì. Ó jókòó síbi àpótí agẹmọ, kò dìde.

"N ò lọ mọ́," ló sọ. "Bí ti Baálẹ̀ bá lè gbẹ, tèmi náà lè gbẹ. Ẹni tó dá a ló dá mi. Àǹtí mi, ẹ bá mi gbé òróró yẹn wá."

Ẹ má ṣe pè é ní òpè. Tíṣà ni, ọpọlọ rẹ̀ pé. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tí ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà kò nílò ju ìdí kan ṣoṣo lọ láti sá, èmi ni mo sì wá ìdí náà fún un. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbé e dìde. Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo lọ gbé òróró.

Láti ìgbà náà ló ti ń bá mi lọ sí ìjọ. Ìyá Àpínkẹ́, tí wọ́n jẹ́ ìyá ìjọ wa, gbàdúrà fún un, wọ́n sì bi í ohun tí àwọn dókítà sọ. Wọ́n ní àdúrà kò bá oníṣègùn jà, kó lọ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, àwọn yóò máa gbàdúrà lẹ́yìn rẹ̀. Jẹ́jẹ́lọlá dá wọn lóhùn pé kí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n òun léèrè ohun tí Ọlọ́run ṣe nínú ilé wa. Gbogbo ojú yí sí mi. Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí. Mo dìde nínú aṣọ funfun mi, mo sì jẹ́rìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Èmi ni mo ń rán aṣọ rẹ̀, nítorí náà kò sí bó ṣe lè fi pa mọ́ fún mi. Tẹ́ẹ̀pù tí mo fi ń wọn àyà rẹ̀ ló ń sọ fún mi. Ní oṣù karùn-ún, mo tú apá ọ̀tún búláòsì rẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù keje, mo tún tú u. Awọ ibẹ̀ ti sún kì bí èèpo ọsàn, kókó mìíràn sì ti yọ lábíyá rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ọkọ mi bẹ̀ ẹ́. Á ní kí n má ṣiyèméjì, ṣebí èmi gan-an ni mo rí iṣẹ́ ìyanu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìyànjú láti jẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kan, ó ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì, mo jókòó tì í, mo ní, "Jẹ́jẹ́." Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní kó bá mi na abọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, agẹmọ náà kò jẹun mọ́. Ikùn rẹ̀ wú, nǹkan róbótó róbótó sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Jẹ́jẹ́lọlá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kókó ti padà, ó ti di púpọ̀. Mo ní kí n fi òróró pa á. Ó ní rárá, Ring Road ni ká lọ. Mo ní iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ó ní òun á dá lọ. Mo gbé gèlè mi, mo tẹ̀lé e.

Dókítà Akínsànyà wá káàdì wa jáde. Ó wo ẹran náà, ó wo káàdì. Ó gbé ẹran náà sókè, ó wo ìdí ìrù rẹ̀, ó tún wo káàdì.

Ó béèrè bóyá agẹmọ méjì la ní. Jẹ́jẹ́lọlá ní ẹyọ kan ni.

"Kì í ṣe èyí ni mo rí ní oṣù kejì," ni dókítà wí. "Akọ nìyẹn. Ìdí ìrù rẹ̀ wú bíi ti akọ, mo kọ ọ́ síhìn-ín. Abo nìyí. Ohun tí ẹ sì rí yìí kì í ṣe kókó, ẹyin ni. Ó ti fẹ́ yé."

Jẹ́jẹ́lọlá gba káàdì náà. Ayàwòrán ni, ó wo àwòrán yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Àǹtí mi, Baálẹ̀ dà?"

Mo sọ ọ́ níbẹ̀, níwájú dókítà. Mo sọ ti abẹ́rẹ́, mo sọ ti Akobo, mo sọ ti òróró tí n kò fi pa nǹkan kan. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń tú bọ́tìnì búláòsì rẹ̀, ó sì tún ń dè é padà. Nígbà tí mo dákẹ́, dókítà ló yíjú sí.

"Dókítà," ó ní, "èmi náà ní kókó."

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó béèrè láti ìgbà wo. Jẹ́jẹ́lọlá sọ fún un. Kò sọ pé dókítà ẹran lòun. Ó ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn, ó sì fi ọkọ̀ Píjò rẹ̀ gbé wa lọ sílé ìwòsàn ńlá. Jẹ́jẹ́lọlá wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn, àpótí wà lórí ẹsẹ̀ mi. A ń kọjá Dùgbẹ̀ nígbà tó bi mí léèrè láìwẹ̀yìn.

"Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ní n ò lọ mọ́ yẹn, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe Baálẹ̀?"

"Mo ti mọ̀," ni mo wí.



Wọ́n gé ọmú náà, àmọ́ ó ti dé abíyá, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà tó ṣe é sọ fún ọkọ mi pé ká ní a gbé e wá ní oṣù kẹrin ni. Kò parí gbólóhùn náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Jẹ́jẹ́lọlá kò fẹ́ rí mi. Ọkọ mi ló ń gbé oúnjẹ wọlé, èmi á jókòó sórí bẹ́ńṣì níta títí yóò fi gbé abọ́ òfo jáde. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú ìyẹn, mo dìde nínú ìjọ, mo kó ẹ̀rí mi jẹ. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá Àpínkẹ́ wá dúró tì mí, wọ́n di ọwọ́ mi mú títí mo fi sọ ọ́ tán.

Ilé mi náà ni Jẹ́jẹ́lọlá padà sí, torí kò ní ibòmíràn. Abo agẹmọ yẹn ti yé sínú iyẹ̀pẹ̀ tí Adégbóyè kó fún un. Jẹ́jẹ́lọlá ní ẹran náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n dá a padà sígbó, òun àti ẹyin rẹ̀. Adégbóyè ló gbé wọn lọ.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, mò ń wẹ̀ ẹ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ní òun kò lè sọ pé kò dun òun, ó ń dun òun lójoojúmọ́. Àmọ́ èmi nìkan lòun ní.

"Ohun kan ni mo fẹ́," ló wí. "Ẹ má purọ́ fún mi mọ́. Kódà kí ọkàn mi lè balẹ̀, ẹ má ṣe é."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Irọ́ tèmi kò lọ tó ogún ọdún. Oṣù márùn-ún ni òótọ́ fi lé e bá, oṣù márùn-ún náà ló sì kó ẹ̀mí àbúrò mi lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, bí ẹ bá rí kókó lára ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹran, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe ẹ̀yin fúnra yín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì ti ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tó ṣì jẹ́ pé agẹmọ kan ló kú.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ Jẹ́jẹ́lọlá wá kí i. Gbogbo wọn ló ní ara rẹ̀ ti ń mókun, pé láìpẹ́ yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wò mí. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Àǹtí mi, ṣé màá rí ọdún Àjíǹde?"

Gbogbo ara mi ló fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

"Rárá," ni mo wí. "N ò rò pé wàá rí i."

Ó mí kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀, bí ojú ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

"Ẹ ṣé," ó ní. "Ẹ wá jókòó tì mí."

Mo fa àga mọ́ ọn, mo jókòó tì í.